Ìbéèrè Tí Mo Jí Kà Lójú Yín

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìdúró. Mo nírètí pé orúnkún tó máa ń dùn yín tí ẹ bá gun àtẹ̀gùn kíláàsì wa ti ń fún yín ní ìsinmi, àti pé ara yín le tó láti jókòó ka ìwé yìí tán kí ẹ tó fà á ya. Èmi náà wà láàyè, oorun nìkan ni kì í fi bẹ́ẹ̀ kùn mí mọ́. Èmi ni ọmọ tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ní béńṣì kejì, tí ẹ máa ń pè ní ọkọ mi, tí ẹ sì máa ń sọ pé pẹ̀lú ojú ẹ̀rù tí mo ń gbé kiri yìí, bí ẹ̀yin ò bá fẹ́ mi, ta ni yóò fẹ́ mi.

Ọ̀rọ̀ tó wà nínú lẹ́tà yìí, ẹ mọ ìdajì rẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń jẹ́jọ́, nítorí tí mo bá ń fò ó, ibi tó dára fún mi nìkan ni màá máa bẹ́ sí.

Ẹ rántí òfin olùkọ́ wa ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọ kíláàsì òun lọ́jọ́bọ̀ gbọ́dọ̀ mú ìbéèrè kan dání, kó kọ ọ́ sórí ìwé, kó sì jẹ́ tirẹ̀. Ó ní ẹni tí kò bá ní ìbéèrè kò tíì wá sí kíláàsì, ara rẹ̀ nìkan ló gbé wá. Lọ́jọ́ náà, mo ti di báàgì mi, mo fẹ́ yọ́ jáde kí n má padà wá mọ́, torí ó dà bí ẹni pé gbogbo èèyàn ló mọ ohun tí wọ́n wá ṣe àfi èmi. Ẹ̀yin lẹ fà mí lẹ́wù, tí ẹ ní, "Jókòó jàre. Àwọn tí kò mọ̀ ni wọ́n kọ́ ilé yìí fún. Àwọn tó mọ̀ ọ́n wà nílé wọn." Mo jókòó. Mi ò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín títí di òní.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò kúrò lára mi. Mo rò pé tí mo bá béèrè ohun tí mi ò mọ̀ lóòótọ́, wọn yóò rí i pé àṣìṣe ni wọ́n fi gbà mí wọlé. Torí náà, àkọlé inú ìwé ni mo máa ń yí padà. Tí ìwé bá ní "Oríṣi Ọgbẹ́," èmi á kọ ọ́ pé, "Oríṣi ọgbẹ́ mélòó ló wà?" Ẹ̀yin ní tiyín, tààrà láti ibi iṣẹ́ lẹ ti ń bọ̀, òórùn ọṣẹ wọ́ọ̀dù ṣì wà lọ́wọ́ yín, ìbéèrè yín á wà lẹ́yìn ìwé tí wọ́n fi ń pín iṣẹ́ fún àwọn tó ń nulẹ̀. Ẹni tó ti nulẹ̀ wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin fún ọdún méjìlélógún kó tó wá kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ìbéèrè ò lè wọ́n ọn.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí mò ń wí yìí, mi ò ṣí ìwé rárá. Ẹ na ìwé yín sí mi, ẹ ní, "Ọkọ mi, bá mi wo sípẹ́lì rẹ̀, kí àwọn ọmọ yìí má fi mí ṣẹ̀sín." Ẹ wá lọ fọ ọwọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ omi. Ohun tí ẹ kọ ni pé: kí ló dé tí aláìsàn tí ara rẹ̀ ti ń yá fi máa ń kọ oúnjẹ ní ọjọ́ tí wọ́n bá sọ fún un pé ó ń lọ sílé lọ́la? Mo tún lẹ́tà méjì ṣe. Lẹ́yìn náà ni mo dà á kọ sórí ìwé tèmi. Mo sọ fún ara mi pé ẹni mẹ́ta péré ni olùkọ́ máa ń pè, pé kò lè pe èmi àti ẹ̀yin pọ̀.

Èmi ló kọ́kọ́ pè. Nígbà tí mo kà á tán, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní, "Níbo lo ti rí èyí?" Mo ní ìyá ìyá mi ni, sà, nígbà tó dùbúlẹ̀ sí ọsibítù. Irọ́ náà yọ̀ jáde lẹ́nu mi bí ẹni pé ó ti ń dúró níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó kọ ọ́ sójú pátákó. Ó wá pe ẹ̀yin.

Ẹ dìde, ẹ wo pátákó, ẹ wo ìwé ọwọ́ yín, ẹ sì kà á bó ṣe wà, torí pé òun nìkan lẹ ní. Olùkọ́ ní, "Màmá, a kì í wo ìwé ọmọ ọlọ́mọ." Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin tí a ń pè ní Rédíò, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ní láti ẹ̀yìn, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Fọ́tòkọ́pì." Ẹ wò mí lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe ojú ìbínú. Ojú ẹni tó ń dúró kí èèyàn sọ̀rọ̀ ni. Bàtà mi ni mò ń wò. Ẹ wá ní, "Ẹ má bínú, olùkọ́," ẹ sì jókòó. Èmi ni mo jalè, ẹ̀yin lẹ tọrọ àforíjì.

Láti ọjọ́ náà ẹ ò wá mọ́. Ká má parọ́, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, inú mi dùn pé mi ò rójú yín. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru orúnkún yín. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, tó jẹ́ ẹ̀kẹta, olùkọ́ pe orúkọ yín lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ẹni tó bá pa kíláàsì jẹ nígbà mẹ́rin, òun á fa igi lé orúkọ rẹ̀ lórí, àti pé ó ku ẹyọ kan fún màmá ọsibítù. Ó wo gbogbo wa, ó ní, "Láti ìgbà tí kò ti wá, ẹ̀ ń mú ìbéèrè wá bí ẹni tó ń fi káàdì han ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì."

Mo tẹ̀ lé e lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, mo sì jẹ́wọ́. Mo rò pé yóò lé mi. Ó ní, "Ìwọ ni mo bi pé níbo lo ti rí i. Mi ò bi òun. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi nìyẹn." Lẹ́yìn náà ló ní ojú gbogbo èèyàn ni mo ti bà yín lórúkọ jẹ́, ojú gbogbo èèyàn ni kí n ti tún un ṣe.

Ní Sátidé mo wá sí wọ́ọ̀dù yín láti wá bẹ̀ yín. Mo ra ọsàn dání. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń rí yín. Bàbá kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, wọ́n ti di ẹrù rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ti àwo oúnjẹ sẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Ẹ̀yin fi igi ìnulẹ̀ ti ògiri, ẹ nu ọwọ́ yín sára aṣọ iṣẹ́, ẹ tẹ̀ sí i létí. Kò pé ìṣẹ́jú kan. Bàbá náà mú ṣíbí. Ẹ padà sídìí iṣẹ́ yín bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹsẹ̀ mi kọ̀, kò wọlé. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ló jẹ ọsàn náà. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ìta, mo ti yọ bírò, mo ti kọ nǹkan kan sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

Lónìí, ọjọ́ Ajé, olùkọ́ kó wa jọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀, àti irọ́ ìyá ìyá mi. Rédíò ní, "Ṣé ìwọ wá ni ká máa pè ní Fọ́tòkọ́pì?" Mo ní èmi ni. Orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ mi lára báyìí. Nígbà tó yá, òun náà wá bá mi, ó ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ àgbà, kí n bá òun kọ ọ́ síbí pé òun dọ̀bálẹ̀.

Olùkọ́ wá ní, "Ìbéèrè tìrẹ dà?" Mo ka èyí tí mo kọ sọ́wọ́: kí ni màmá sọ fún bàbá yẹn tó fi mú ṣíbí? Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní ó ní láti jẹ́ pé ẹ ṣèlérí fún un ni. Ẹlòmíràn ní ẹ̀rù ilé ló ń bà á, pé nílé kò sẹ́ni tí yóò máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ pé báwo ni ara. Àwọn tí mi ò gbóhùn wọn rí ń jiyàn. Aago lù, a ò dìde. Olùkọ́ ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n. Kò sí nínú ìwé tí mo fi ń kọ́ yín. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kò sí níbí." Ó ní kí n kọ ọ́ sórí ìwé, ó sì fi í sínú rẹ́jísítà, síbi tí orúkọ yín wà.

Màmá, mi ò lẹ́nu láti ní kí ẹ padà wá. Mo kàn ń sọ fún yín ni pé ìbéèrè kan wà ní kíláàsì wa, èmi ni mo ni ín, ẹ̀yin nìkan lẹ sì lè dáhùn rẹ̀. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ yín di ti ẹlòmíràn mọ́. Kí orúnkún yín gbé yín dé òkè àtẹ̀gùn náà, kí ẹ sì fi ojú yín rí ọjọ́ tí wọn yóò fi aṣọ nọ́ọ̀sì wọ̀ yín.

Èmi ni ọmọ yín tí ojú ń tì,
Ẹni béńṣì kejì.

Mo tún rántí: Ìyá ìyá mi ò dùbúlẹ̀ sí ọsibítù rí. Mo pè é láti bẹ̀ ẹ́ pé mo fi irọ́ gbé e dùbúlẹ̀. Ó ní kí n kí yín, àti pé lọ́jọ́ mìíràn tí mo bá fẹ́ purọ́, kí n lọ dùbúlẹ̀ fúnra mi.