Ampilifáyà Bàbá Rẹ Ti Dákẹ́

Ìdí-Àràbà, lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ Ajé.

Tẹniọlá Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Bàrígà níbẹ̀? Ṣé ara le? Ọ̀gá rẹ ní Ṣómólú ńkọ́, ṣé wọ́n ń tọ́jú rẹ? Olúwa tó ń ṣọ́ ọ láàárín èrò Èkó kò ní tòògbé lórí rẹ, iná tí ò ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́ kò ní fọwọ́ kàn ọ́ padà o, láṣẹ Èdùmàrè. Àwa náà wà níhìn-ín, a ń dúpẹ́. Ewúrẹ́ abilà bí ìbejì, akọ kan, abo kan, iṣu wa sì ta dáadáa lọ́dún yìí, àfi orúnkún mi tó máa ń ro mí bí òjò bá ti ń ṣú.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n mú bírò nìyí. Lórí fóònù lọ́jọ́sí, ohun tí mo rí sọ fún ọ kò ju pé ampilifáyà tí o fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ kò tan mọ́. Mi ò lè sọ ìyókù, nítorí fóònù Fàsílátù aládùúgbò wa ni mo fi pè ọ́, obìnrin náà sì dúró tì mí gbọin, ó ní òun ń wo bátìrì òun. Ìwé kò ní etí, jẹ́ kí n tú u palẹ̀ síbí.

O mọ̀ pé láti ọdún mẹ́ta tí o ti lọ kọ́ iṣẹ́ títún rédíò àti ampilifáyà ṣe ni bàbá rẹ kò ti gbà. Wọ́n ní obìnrin wo ló ń fọwọ́ kan wáyà, wọ́n ní kí o má wálé àfi tí o bá lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ìwọ náà lágídí, o ò wálé, èmi ni mò ń sunkún ní kọ̀rọ̀. Nígbà tí ampilifáyà náà wá dé, tí o kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ àkọ́kọ́ ni, pé bàbá rẹ lo ṣe é fún, wọ́n gbé e sórí tábìlì fúnra wọn. Wọ́n so rédíò wọn mọ́ ọn, wọ́n sì tàn án. Odindi ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń gbọ́ orin nínú rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń dé odò. Mo ní ó tán, Ọlọ́run ti dá sí i.

Lọ́jọ́ kẹta ni wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ẹni àkọ́kọ́ kì í wọlé lásán, a gbọ́dọ̀ súre sí i. Wọ́n gbé omi tútù, iyọ̀ àti oyin kalẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ pe Ògúntádé àbúrò wọn, ẹni tó jẹ́ ọmọ ọwọ́ nígbà tí mo wọlé ọkọ, tó wá di ọ̀gá lé mi lórí. Ampilifáyà ń kọrin lọ́wọ́, bàbá rẹ ń súre, wọ́n sì ń wọ́n omi sí i láti òkè, níbi àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó fi ń mí yẹn, kí ire náà lè wọnú dáadáa. Àdúrà ọ̀hún gùn, ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dárúkọ rẹ. Wọ́n ní omi kì í lọ́tàá, pé o ò ní lọ́tàá, ni wọ́n bá da ìyókù omi inú abọ́ sí i. Ampilifáyà ṣe pàù! Ó rùn bí ìyẹ́ adìẹ tó jóná, iná pupa kékeré ojú rẹ̀ sì kú.

Ògúntádé ò tiẹ̀ jẹ́ kí a ṣe àmín tán. Ó ní ṣé òun ò sọ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ obìnrin nìyẹn, pé kì í ṣe iṣẹ́ lò ń kọ́ ní Ṣómólú, ò ń jayé Èkó ni. Bàbá rẹ dìde, wọ́n wọ yàrá lọ. Mo ní ọdún mẹ́ta mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ nìyí.

Ni mo bá mú gbogbo ohun tí o ní kí n ṣe lórí fóònù, mo ṣe é láìku ẹyọ kan. O ní kí n wò ó bóyá iná dé sọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́, ó gbóná, mo tiẹ̀ fi lọ gèlè ṣọ́ọ̀ṣì mi, nítorí náà kò sí ìjà láàárín àwa àtàwọn oníná. O ní kí n yọ púlọ́ọ̀gì kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Mo yọ ọ́, mo yọ ti áyọ́ọ̀nù, mo tún lọ bẹ Fàsílátù pé kó yọ ti fíríìjì rẹ̀, torí ògiri kan náà la jọ ní, mi ò mọ ibi tí iná lè gbà yọ́ wọlé. Ọbẹ̀ rẹ̀ kan, ó ṣì ń kùn sí mi títí dòní. O ní kí n jẹ́ kí ampilifáyà sinmi díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tẹ́ ẹ sórí ẹní, mo fi aṣọ òtútù bò ó, mo ní kẹ́nikẹ́ni má pariwo.

Lẹ́yìn náà ni mo yọ fíùsì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bí o ṣe wí, ìgò tínńrín kan báyìí. O ní kí n wò ó bóyá okùn inú rẹ̀ ti já. Níbo ni mo ti fẹ́ rí okùn, nígbà tí ìgò ti dúdú bí ìdí ìkòkò! Mo fi ọṣẹ àti kànrìnkàn fọ̀ ọ́, mo sá a sóòrùn, dúdú rẹ̀ ò ṣí. Ògúntádé mú bébà dídán inú páálí sìgá wá, ó ní ká fi wé e, yóò tàn. Mo ní kó gbé e kúrò níwájú mi, ọmọ mi ti kìlọ̀ pé a kì í wé e, pé iṣẹ́ fíùsì ni kó kú kí ẹ̀rọ má baà kú, kí ilé má sì jóná. Ó ní ta ni ọmọ mi. Mo ní Tẹniọlá ni.

Àná lẹ́yìn ìsìn ni ẹbí pé jọ sílé wa, Ògúntádé sì tún ki ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Bàbá rẹ dìde. Wọ́n ní kó panu mọ́. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọ àwọn kọ́ ló ba ampilifáyà jẹ́, ọjọ́ méjì ló fi ṣiṣẹ́ kí àwọn tó da omi sí i, wọ́n ní àdúrà àwọn ló pọ̀ jù.

Àjọkẹ́, ìwọ náà mọ̀ pé irọ́ ni. Ìgbà wo ni àdúrà bẹ̀rẹ̀ sí í ba nǹkan jẹ́? Bàbá rẹ tí wọ́n jẹ́ díákónì, tí wọn ò purọ́ rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, ni wọ́n purọ́ gbuu níwájú ẹbí nítorí rẹ. Mo ti bá wọn tọrọ ìdáríjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run.

Jọ̀wọ́, fíùsì méjì la fẹ́. Mo rí i pé wọ́n kọ iye rẹ̀ sí irin ẹnu rẹ̀, àádọ́talérúgba, lẹ́tà V kan sì tẹ̀ lé e, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbowó jù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Bá mi wá owó díẹ̀ sí i, kí n fi se ọbẹ̀ mìíràn fún Fàsílátù, kí n sì ra ìpara orúnkún. Ọwọ́ rẹ kò ní ṣófo. Ohun tó kú lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tó bá dé ọwọ́ rẹ, yóò jí. Àmín.

Bàbá rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo ti ń parí ìwé yìí. Mo bi wọ́n bóyá kí n ní kí o fi fíùsì náà rán dírẹ́bà. Wọ́n ní rárá, dírẹ́bà wo ló mọ̀ ọ́n fi sí i. Wọ́n ní kí ẹni tó ṣe ampilifáyà náà gbé e wá fúnra rẹ̀, àwọn ti ní kí n tẹ́ ibùsùn rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.