Àwọn Tó Ń Fi Ọ́ Rẹ́rìn-ín ní Coal Camp

Àánú, àbúrò mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ilé tí o gbà sí Ugwuaji kò jò mọ́? Àwa náà wà láàyè, a dúpẹ́. Iṣu ti ta, ewúrẹ́ dúdú ti bímọ méjì, ẹsẹ̀ Ìyá sì ti fúyẹ́ díẹ̀. Láti ìgbà tí Bàbá ti kú ni mo ti dúró bíi bàbá fún ọ, nítorí náà bíi bàbá ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, má bínú sí i.

O ní kí n fún ọ láṣẹ láti dúró sí Enugu lẹ́yìn tí o bá ṣe agùnbánirọ̀ tán, kí o lè máa bá ẹgbẹ́ òṣèré Coal Camp yẹn ṣeré. A ti wo fídíò tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Inú mi kò dùn. Wọ́n fi ọ́ ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ ọkùnrin ahun kan, o gbé àwo ọbẹ̀ wọlé, o ṣubú, gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹnì kan tó gbé ọ dìde. O ní oṣù méjì lẹ fi kọ́ ọ. Àánú, ẹni tó fi oṣù méjì kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé àwo kò yẹ kó ṣì máa ṣubú.

Èyí tó dùn mí jù ni pé nígbà tí ahun náà bi ọ́ níbi tí ẹran wà, o bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò, ẹ̀rín wọn sì tún pọ̀ sí i. Ìyá kò gbọ́ òyìnbó tí ẹ ń sọ, ṣùgbọ́n ó mọ ìkólòlò rẹ, ó sì bojú. A wò ó lẹ́ẹ̀kejì bóyá wọn á ti ronú. Ibi kan náà ni wọ́n tún ti rẹ́rìn-ín. O mọ iye ọmọ tí mo lù nílé ìwé nítorí ìkólòlò yẹn.

Olúdáìsí aládùúgbò wa, tó máa ń sín ọ jẹ nígbà náà, bá wa wò ó. Òun náà rẹ́rìn-ín. Mo di aṣọ rẹ̀ mú. Ó ń bẹ̀ mí pé eré ni, pé inú ìwé eré ni wọ́n kọ ìkólòlò náà sí. Mo ní ta ló kọ ọ́, kó júwe ilé rẹ̀ fún mi. Ibẹ̀ la wà tí Ìyá fi ní ká dákẹ́. Ó ní ta ló ń sọ̀rọ̀ yẹn.

Fídíò náà kò tíì dúró lórí fóònù. Eré ti parí, ìwọ lo dúró níwájú gbogbo wọn tí ò ń dúpẹ́, tí ò ń dárúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé orí ẹni tó rán aṣọ yín ní Artisan Market. Ọ̀rọ̀ náà ń ṣàn lẹ́nu rẹ, kò há níbì kankan. Ìyá ní kí n tún gbé e sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹfà la gbọ́ ọ. Mo fi Olúdáìsí sílẹ̀.

Láti kékeré ni mo ti ń jà kí ẹnikẹ́ni má fi ọ́ rẹ́rìn-ín, n kò sì lè tú ahọ́n rẹ. Mi ò mọ ohun tí àwọn ènìyàn yẹn ṣe fún ọ. Dúró sọ́dọ̀ wọn. Mo fún ọ láṣẹ.

Fi owó ọkọ̀ èmi àti Ìyá ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ tí ẹ máa tún ṣe eré náà, kí o fi owó oògùn ẹsẹ̀ Ìyá kún un. Ìjókòó iwájú ni kí o gbà fún wa. Tí o bá ṣubú, màá gbìyànjú láti má dìde. Tí o bá sì rí ẹnì kan tí kò rẹ́rìn-ín, èmi ni.

Ọlọ́run tó tú ahọ́n rẹ nílùú àjèjì kò ní jẹ́ kó tún dì. Ìyá ní àmín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ìyàndá