Àwọn Sùkúrẹ́ẹ̀lì Tí Ìmísí Ń Mú

Ilé Lágúnjú,
Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀.

Ìmísí ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé òtútù Ìlú Ọba ò mú ọ jù? Ọlọ́run tó mú ọ débẹ̀ á máa ṣọ́ ọ. Orúnkún bàbá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀, ewúrẹ́ wa sì bí ìbejì. Ìtìjú ni ò jẹ́ kí n pè ọ́, ni mo ṣe ní kí n kọ̀wé.

Ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù nípa iṣẹ́ rẹ tuntun, mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ń bi ọ́ léèrè nínú rẹ̀, o kàn ń sọ̀rọ̀ lọ ni. O ní gíréè sùkúrẹ́ẹ̀lì ni ẹ ń mú, pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kó wọn wá, wọ́n ti pọ̀ ju àwọn onílé lọ, wọ́n ń jẹ oúnjẹ wọn, wọ́n sì ń kó àrùn ràn wọ́n, ni ẹ fi ń dẹ pàkúté. Mo rò pé ẹ̀yà èèyàn kan ni wọ́n, bíi Sàró. Mo ní háà, àjèjì bíi tìrẹ lo ń mú yìí! Mi ò lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi yẹn.

Ni mo bá lọ sọ fún Mùnírátù aládùúgbò wa, nítorí Ọláwálé ọmọ rẹ̀ tó wà ní Ìlú Ọba níbẹ̀, pé kó má jáde o. Ọláwálé fara pamọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, ọ̀gá rẹ̀ sì gba ẹlòmíràn síṣẹ́.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Kọ́lápọ̀ tó ń kọ́ wọn nípa ẹranko ní yunifásítì wá kí bàbá rẹ, mo gbé ohùn rẹ fún un gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, ó ní ọ̀kẹ́rẹ́ ni! Ó ní àwọn olówó ló kó aláwọ̀ eérú wá sínú ọgbà wọn láyé àtijọ́ nítorí ẹwà, pé àrùn ara wọn kì í pa wọ́n, àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ pupa tó nilẹ̀ ló ń pa. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Mo lọ kúnlẹ̀ fún Mùnírátù. Ó ní iṣẹ́ tó bọ́ kọ́ ló dun òun jù. Ó ní òun bá mi jiyàn pé Ìmísí tí òun mọ̀ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, èmi tí mo bí ọ ni mo búra pé o ṣe é. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lára mi. Dárí jì mí.

Jọ̀ọ́, bá Ọláwálé wáṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, ó mọ pàkúté òkété dẹ nígbà tó wà nílé. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú, kí n ra ìrẹsì ní Sábó lọ fún ìyá rẹ̀.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n gbọ́ ibi nípa rẹ. Bí mo bá sì gbọ́, kó má jẹ́ kí n tètè gbà á gbọ́.

Èmi ìyá rẹ,
Àdùkẹ́.