Páálí Tí A Gbàdúrà Sí Láì Ṣí I

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ilé o, Màámi, ẹ kú ìtọ́jú gbogbo wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti inú yàrá mi ní Okokomáìkò. Mo kí Bùọ̀dá Délé, ẹ̀gbọ́n mi, pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí wọn. Mo kí Bùkọ́lá, àbúrò mi, ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Mo kí gbogbo ará ilé wa ní Ìsẹ́yìn, àtẹni tó béèrè mi àtẹni tí kò béèrè.

Ẹ̀yin ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, ṣùgbọ́n mo gbà kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde fún aráyé kà, nítorí mo mọ̀ pé ilé wa nìkan kọ́ ni irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ló ní bàbá tó ń gbàdúrà àti ọmọ tó ń rajà lórí ayélujára. Kí àwọn náà bá wa gbọ́.

Àlàáfíà ni mo wà. Òjò ti dá. Omi tó máa ń sé wa mọ́lé ti gbẹ, eruku ló gba ipò rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ló máa ń nira fún mi jù, nígbà tí mo bá dé láti ilé ìjọsìn tí kò sí ẹni tí n óò bá jẹun. Onílé mi, Alhaji, tí wọ́n jẹ́ ọmọ bíbí Ìbà, ní kí n máa pe àwọn ní Bàbá. Mo ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń dáhùn dáadáa, àmọ́ ohùn yín kọ́ ni.

Iṣẹ́ ń lọ. Ní ilé-iṣẹ́ ọ̀dà tí mo wà ní Ọ̀jọ́, èmi ni mo ń gba ẹrù wọlé. Bí ọkọ̀ bá já ẹrù, mi ò ní buwọ́ lùwé àfi tí mo bá ṣí ohun tí wọ́n já, tí mo fojú rí i, tí mo sì gbọ́ òórùn rẹ̀. Àwọn awakọ̀ sọ mí ní Àǹtí Ṣí-i-kí-n-rí. Mi ò bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò burú létí mi. Ẹ ó rántí, Bàbá, ọjọ́ tí mo sọ fún yín pé ẹ̀kọ́ nípa ríra ẹrù àti títọ́jú rẹ̀ ni mo fẹ́ kà ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe. Ẹ ní, "Ìyá rẹ ti ń ra ẹ̀gẹ́ kí n tó fẹ́ ẹ. Pólì wo ló lọ?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n wá bẹ̀rẹ̀ láti èṣí.

Lèṣí, nígbà ẹ̀dínwó ìparí ọdún, mo ra kọ̀ǹpútà alágbèéká kan lórí ayélujára fún Bùkọ́lá, nítorí iṣẹ́ yíyàwòrán ilé tó ń kọ́ kò ṣeé fọwọ́ lásán ṣe mọ́. Mo ní kí wọ́n gbé e wá sí Ìsẹ́yìn tààrà. Mo pe Bùọ̀dá Délé, mo sì ṣàlàyé fún wọn pé kí wọ́n ṣí i lọ́jọ́ tó bá dé, kí wọ́n tàn án, kí wọ́n yọ wáyà rẹ̀, kí wọ́n wo bí bátìrì yóò ṣe pẹ́ tó, nítorí pé láàárín ọjọ́ méje péré ni olùtajà fi ń gba ọjà padà. Wọ́n ní, "Mo ti gbọ́, ìyá olófin."

Ẹrù dé. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó mọ ilé wa ló mọ̀ pé a kì í ṣí ohun titun níbẹ̀ kí Bàbá tó gbàdúrà sí i. Ìbáà ṣe fáànù, ìbáà ṣe bàtà, wọn óò wọ́n omi ìyàsímímọ́ sí páálí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin sì wà lórí òkè àdúrà nígbà náà, Bàbá, ẹ ń gbààwẹ̀. Bùọ̀dá Délé gbé páálí sórí tábìlì àdúrà, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó, wọ́n sì ń retí yín. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ gbàdúrà, ẹ wọ́n omi. Ìgbà tí ẹ wá ṣí i, tòkunbọ̀ ògbólógbòó tí wọ́n kùn lọ́dà ló jókòó sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti yọ wáyà, á kú fin-ín bí àtùpà tí wọ́n fẹ́ pa. Mo kọ̀wé sí olùtajà. Èsì tó fún mi ni pé, "Àǹtí, ọjọ́ ti kọjá."

Mo mọ ọ̀dà, Bàbá. Òun ni mò ń fojú rí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ká ní ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ kan ẹ̀rọ náà ni, èékánná mi nìkan ì bá ti tú àṣírí rẹ̀.

Ẹ pe ìpàdé ẹbí, ẹ gbé fóònù sáàárín kí n lè gbọ́. Bùọ̀dá Délé ní, "Ẹni tó ń gbé Èkó, tó tún lọ sí pólì nítorí ọjà rírà, òun ni wọ́n ta páálí fún." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin kò rẹ́rìn-ín, Bàbá, ṣùgbọ́n ẹ kò gbèjà mi. Mo ní kí gbogbo yín sùn re. Mi ò fèsì nígbà náà. Èsì mi nìyí.

Láti ìgbà náà ni Bùkọ́lá ti ń tọrọ ẹ̀rọ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Bí olóhun bá lọ jẹun, òun á sáré yàwòrán. Bí olóhun bá dé, òun á dìde. Olùkọ́ rẹ̀ wá sọ ọ́ gbangba pé ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ tirẹ̀ nígbà tí wọ́n bá wọlé lẹ́yìn ọdún titun kò lè ṣe iṣẹ́ àṣekágbá, á tún ọdún náà kà ni. Ó sunkún nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi. Ẹ mọ̀ pé Bùkọ́lá kì í sunkún.

Nítorí náà, n kò dúró de ìgbà tí wọ́n máa lu agogo ẹ̀dínwó ti ọdún yìí. Láti ìgbà iṣu titun ni mo ti béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀ irú agbára tí ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ ní, tí mo sì yan èyí tó bá a mu. Kì í ṣe èyí tó dán jù. Gbogbo Sátidé ni mo ń wo iye rẹ̀. Bí ìparí ọdún ṣe ń súnmọ́, iye náà dédé gòkè láìnídìí. Ọjọ́ tí ẹ̀dínwó bẹ̀rẹ̀, olùtajà fi ilà pupa fa iye tó gòkè náà, ó ní òun ti gé e sí méjì. Ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn ló gé kúrò. Bí ìgbà tí ẹnìkan gbé owó gàrí sókè láàárọ̀ ni, tó wá ń pariwo nírọ̀lẹ́ pé òun ta á lọ́pọ̀. Olùtajà kejì kò pariwo, àmọ́ tirẹ̀ wálẹ̀ lóòótọ́. Mo ka ọ̀rọ̀ àwọn tó bínú sí i kí n tó ka ti àwọn tó yìn ín. Ohun tí wọ́n ń bínú sí ni pé ọjà pẹ́ kó tó dé. Kò sí ẹni tó ní ọjà rẹ̀ kì í ṣe ojúlówó.

Lẹ́yìn èyí ni mo lọ sí ọjà Alaba láti fọwọ́ kan irú ẹ̀rọ náà. Ọmọ Ìgbò kan tí Yorùbá rẹ̀ já gaara ló ni ṣọ́ọ̀bù tí mo wọ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì, mo gbé e wò, mo yí i dojú dé. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni, àbí ẹ fẹ́ gbé e níyàwó?" Mo sọ fún un pé ìwádìí ni mo wá ṣe, pé tirẹ̀ fi díẹ̀ wọ́n ju ti orí ayélujára lọ, pé bí ti ibẹ̀ bá já mi kulẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni n óò padà sí. Ó ní òun kò lọ ibì kankan.

Àkókò yìí ni Bùọ̀dá Délé fi líǹkì kan ránṣẹ́ sórí wásáàpù ẹbí. Ẹ̀rọ kan náà ni, ṣùgbọ́n owó fáànù ni wọ́n kọ sí i, aago pupa kan sì ń ka àkókò sẹ́yìn lókè rẹ̀. Màámi pè mí, wọ́n ní Délé ní kí á yára kí aago tó parí. Mo wo ojú ewé náà. Nọ́ńbà káàdì báǹkì ló ń béèrè, pẹ̀lú nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí báǹkì máa fi ránṣẹ́ sórí fóònù ẹni. Ta ló ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé san owó ọjà? Mo jẹ́ kí aago náà kà tán, mo pa á dé, mo tún ṣí i. Ó ti bẹ̀rẹ̀ látòkè padà. Mo ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí, mo sì kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé: "Aago Bùọ̀dá Délé ti tún jí."

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àdúrà, èyí tó ń bà mí lẹ́rù ju olùtajà lọ.

Ẹ pè mí, Bàbá, ẹ béèrè ibi tí wọ́n máa gbé ẹrù náà wá. Mo ní ọ̀dọ̀ olùtajà kejì ni mo ti fẹ́ rà á, pé Okokomáìkò ni wọ́n máa gbé e wá, pé n óò sì ṣí i lójú ẹni tó bá gbé e wá. Ẹ ní, "Láìgbàdúrà?" Mo bi yín pé nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbin iṣu, orí kí ni ẹ ti máa ń gbàdúrà. Mo ń gbọ́ igbe ewúrẹ́ Màámi lẹ́yìn yín. Ẹ ní, "Orí èbù ni."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá."

Ẹ wá béèrè bóyá owó náà ti kúrò lọ́wọ́ mi. Mo ní ó ṣì wà ní báǹkì, èyí tí ẹ̀yin àti Màámi fi ránṣẹ́ àti tèmi. Ẹ ní kí ni mo fi ń gbà á jáde. Mo ní káàdì ni. Ẹ ní, "Gbé káàdì náà sórí tábìlì. Gbé fóònù tì í."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbàdúrà sí owó gàrí Màámi, sí owó iṣu yín, sí owó oṣù mi, ẹ dárúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbàdúrà fún olùtajà tí a kò mọ̀, kí ojú rẹ̀ má wo ibi. Ẹ gbàdúrà sí táyà ọ̀kadà tí yóò gbé ẹrù. Ìgbà tí a ṣe àmín tán, ẹ ní, "Omi ńkọ́?" Mo ní káàdì kì í fẹ́ omi. Ẹ rẹ́rìn-ín, Bàbá. Láti èṣí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ẹ̀rín yín lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ki ìka bọ omi, mo wọ́n ọn sí etí tábìlì.

Ìyànà Ìbà, tí kò jìnnà sí ilé mi, ni mo ti pàdé ọkùnrin tó gbé e wá. Ó ní àwọn máa ń gbowó kí oníbàárà tó ṣí páálí. Mo sọ fún un jẹ́jẹ́ pé kó máa gbé e padà lọ. Ó wò mí. Ó ní, "Madam, nínú eruku yìí lẹ fẹ́ ṣí i?" Mo tẹ́ gèlè mi sórí bẹ́ǹṣì obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì, mo ṣí i. Mo tàn án. Mo fi ohun tó wà nínú rẹ̀ wé ohun tí olùkọ́ Bùkọ́lá kọ fún mi. Mo yọ wáyà, kò kú. Mo fi èékánná ha abẹ́ rẹ̀. Kò sí ọ̀dà. Ọkùnrin náà ti bẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń béèrè irú rẹ̀ fún ọmọ tirẹ̀. Ìgbà náà ni mo tó fi káàdì tí ẹ gbàdúrà sí san owó lórí ẹ̀rọ ìsanwó ọwọ́ rẹ̀.

Awakọ̀ ará ilé wa ló ń gbé e bọ̀ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Bùkọ́lá, kí o wọlé pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, má ṣahun; o mọ bó ṣe ń rí lára. Ọ̀bẹ kékeré kan tó mú wà nínú páálí náà, ti Bùọ̀dá Délé ni. Ohun tí a fi ń ṣí ẹrù ni. Kí wọ́n máa lò ó láyọ̀.

Ẹ bá mi kí gbogbo ìjọ, ẹ kí àwọn ará àdúgbò. Màámi, kí ọwọ́ tó ń yan gàrí má ṣe rẹ̀ yín. Bàbá, kí ẹ pẹ́ láyé, kí ẹ jẹun ọmọ, kí ẹ rí ilé tí Bùkọ́lá máa yà tí wọ́n máa kọ́ ọ sókè, kí ẹ wọ inú rẹ̀. Ẹ má bínú pé páálí náà yóò dé ọ̀dọ̀ yín ní ṣíṣí. Èmi ni mo ṣí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí i, mo bá àdúrà yín nínú rẹ̀.

Èmi ni, pẹ̀lú ìfẹ́ àti ọ̀wọ̀,
ọmọ yín,
Fọláṣadé