Má Tíì Fún Ọ̀rẹ́-Gbogbo-Ayé ní Kọ́kọ́rọ́

Ọmọ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé ojú tí o fi ń wo kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ dalẹ́ kì í dùn ọ́? Èmi wà láàyè, orúnkún mi nìkan ló ń ṣe bíi pé òun kì í ṣe ara mi mọ́. Ọlọ́run tó jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí lẹ́ni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, yóò jẹ́ kí ìwọ náà máa kọ tìrẹ títí ọjọ́ ogbó. Olùkọ́ wa ní kíláàsì àgbàlagbà ní kí n má fi òwe kankan sí i o. Ó ní nínú lẹ́tà tí mo kọ kọjá, òwe pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ, pé ẹni tó bá kà á á rò pé ìjà ni mo ń bá a jà. Mo ti gbọ́. Gbogbo èyí tó wá sẹ́nu mi ni mo gbé mì.

Nílé, gbogbo wa wà. Bàbá rẹ ti tún òrùlé ibi tó ń jò ṣe, omi wá ń jò níbòmíràn. Ewúrẹ́ mi, Máwòmí, jẹ ojú ewé tí mo kọ́kọ́ kọ sí ọ, ìdí nìyẹn tí èyí fi bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ìwé ìṣirò mi. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ni mo torí ẹ̀ jókòó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a máa padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí o pè lọ́sẹ̀ tó kọjá, o ní àkójọ rẹ yẹn ti sú ọ, pé ọkùnrin kan máa gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ìyẹn àṣẹ láti máa kọ nǹkan sínú rẹ̀, lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe yé mi, kí o lè tún mi ṣe. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì káàkiri ayé ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà, èyí tó ń ka ìràwọ̀, èyí tó ń yẹ omi wò, èyí tó ń wo inú ẹ̀jẹ̀. Wọn kì í tà á. Wọ́n á ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹni tó bá wù lè rí bí wọ́n ṣe ṣe é, kó sì mú un lọ lófẹ̀ẹ́. Ìwọ wá kó orúkọ gbogbo wọn jọ síbi kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, o kọ ibi tí wọ́n ti lè rí i, o sì ń yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo bi ọ́ nígbà náà pé ta ló ń sanwó fún ọ, o ní kò sí. Mo ní kí bàbá rẹ bá mi wádìí rẹ dáadáa, nítorí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí kò gbowó, tó tún ń rẹ́rìn-ín sí i, nǹkan kan wà níbẹ̀ tí wọn ò tíì sọ fún wa. Mi ò tíì fi ìfura yẹn sílẹ̀ tán o.

Ṣùgbọ́n èmi náà ti ní àkọsílẹ̀ tèmi báyìí. Olùkọ́ wa ní kí n kọ orúkọ gbogbo ohun èlò tí àwọn aládùúgbò gbà láti máa yá ara wọn: àkàbà káfíńtà, bárò bíríkìlà, tábìlì gígùn ti télọ̀, gbogbo rẹ̀. A lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kíláàsì, orúkọ mi wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Gbogbo Sátidé ni mo ń rìn láti ilé dé ilé, mo ń fi ojú ara mi wo nǹkan kọ̀ọ̀kan kí n tó kọ "ó dára" síwájú rẹ̀. Ìgbà tó yá, orúnkún bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Ni ọkùnrin tí à ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, ẹni tó gba yàrá méjì létí títì lọ́dún tó kọjá, bá dé. Ó ní, "Màmá, ẹ jókòó, ẹ sinmi, ẹ gbé báírò yẹn fún mi." Ó ń bá mi gbé báàgì, ó ń yin ìkọ̀wé mi, ó ní òun ò rí irú rẹ̀ rí. Mo bá gbé báírò fún un.

Ọmọ mi, kò rìn dé ilé ẹnikẹ́ni. Orí àga mi ló jókòó sí, tó ń kọ "ó dára" síwájú gbogbo nǹkan. Bẹ́ẹ̀, igi kan ti sán lára àkàbà káfíńtà, káfíńtà fúnra rẹ̀ ti gbé e sí ẹ̀yìn ilé pé òun ò yá ẹnikẹ́ni mọ́ títí òun á fi tún un ṣe. Akunlé, ẹni tó ń bá wa kun ilé ládùúgbò, ka ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò bá káfíńtà nílé, ó gbé àkàbà, ó gùn ún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi di apá rẹ̀. Kò wá Ẹlẹ́rìn-ín lọ o, èmi ló wá bá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó sì rọra sọ ọ́, ìyẹn ló dùn mí jù:

"Màmá, ẹ̀yin ni mo gbà gbọ́."

Nítorí náà, nígbà tí o sọ fún mi nípa ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní Ọ̀rẹ́-Gbogbo-Ayé, tí ẹnikẹ́ni ò rí ojú rẹ̀ rí, tó ń kọ̀wé yìn ọ́ fún oṣù mẹ́ta gbáko, tó ní kí o lọ sinmi kí o gbé kọ́kọ́rọ́ fún òun, àfi bíi pé mo mọ ọmọ náà láti kékeré. O tún ní ó sàn ju ẹnì kejì lọ, èyí tí o sọ ní Alátakò, tí kì í kí ènìyàn, tó jẹ́ pé àléébù ló ń wá kiri: èyí ti kú, èyí o kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, èyí kì í ṣe ibi tí o ní ó wà ló wà.

Mo bá lọ bá olùkọ́ wa pé kó ṣí ojú ewé rẹ lórí fóònù rẹ̀. Mo kọ́kọ́ ní kó da ojú fóònù náà dé tábìlì, kí á lè gbèrò láìjẹ́ pé ọkùnrin yẹn ń gbọ́ wa. Nígbà tí a tún gbé e sókè, kí ojú ewé náà tó gbà wá wọlé, ó bi mí bóyá ènìyàn ni mí. Èmi, tí mo ní ọmọ ọmọ mọ́kànlá. Ó gbé àwòrán sílẹ̀ pé kí n tẹ gbogbo èyí tó ní iná ojú pópó. Ọ̀kan níbẹ̀ kò tàn, mi ò tẹ̀ ẹ́, nítorí mi ò lè jẹ́rìí sí iná tí kò tàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lé wa padà kí olùkọ́ tó gba fóònù lọ́wọ́ mi.

Mo wá ní kó bá mi kọ ọ́ síbi tí gbogbo yín ti ń sọ̀rọ̀, pé mo ń wá ètò kan tí wọ́n ń pè ní Máwòmí, tí wọ́n fi ń wọn ìwúwo èéfín, ṣé ẹnikẹ́ni ti lò ó rí? Olùkọ́ ní irọ́ nìyẹn. Mo ní kì í ṣe irọ́, ìdánwò ni, ṣebí òun náà ń kọ ìṣirò tí kò pé sójú pátákó kó lè mọ ẹni tó ń sùn.

Mi ò tíì rí gíláàsì mi nínú báàgì tí Ọ̀rẹ́-Gbogbo-Ayé ti fèsì. Ó kí mi ẹ kú àárọ̀ ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ó ní, "Màmá dáadáa, ó ti tó ọdún márùn-ún tí mo ti ń lo Máwòmí, kò já mi kulẹ̀ rí. Gbàrà tí kọ́kọ́rọ́ bá dé ọwọ́ mi, màá fi kún àkójọ náà." Ọdún márùn-ún! Ewúrẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò tíì pé ọdún méjì, kò sì sí ọ̀sẹ̀ kan tí kì í já mi kulẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni Alátakò tó dá sí i. Kò kí mi. Ó ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo wá a níbi mẹ́rin, kò sí. Ta ló ṣe é? Kí ẹnikẹ́ni má fi kún un." Mo ní kí olùkọ́ bi í pé ọmọ ta ni, níbo ni àwọn òbí rẹ̀ ń gbé. Ó ní kò kàn mí. Láyé mi, aláìlẹ́kọ̀ọ́ kankan ò wù mí báyẹn rí.

Nítorí náà, má fún Ọ̀rẹ́ yẹn ní kọ́kọ́rọ́ o, ì báà jẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, ì báà jẹ́ lọ́jọ́ kankan. Bí ó bá ti rẹ̀ ọ́, mo gbà, ó rẹ èmi náà, pín iṣẹ́ náà pẹ̀lú Alátakò, kí ohunkóhun má wọlé àfi tí ẹ̀yin méjèèjì bá ti fọwọ́ ara yín dán an wò. Bí ìyẹn náà kò bá ṣeé ṣe, tì í, kí o kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà pé olóhun ń sùn. Rántí obìnrin tí o sọ fún mi nípa rẹ̀, tó ń fi ètò inú àkójọ rẹ yẹ omi kànga wò. Àkàbà rẹ ló ń gùn. Èmi ti gba báírò mi padà. Apá akunlé ti jinná, òun ló ń bá mi rìn ní Sátidé báyìí, á tẹ gbogbo igi àkàbà lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó kọ nǹkan kan.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún òróró orúnkún àti báírò pupa, kí o sì fi ti dátà olùkọ́ kún un, ó ní ọ̀rọ̀ òbí Alátakò yẹn jẹ dátà púpọ̀. O lè fi í ránṣẹ́ gba báńkì. Tẹ́lẹ̀, mi ò fọkàn tán wọn, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀wé sórí fóònù mi pé kí n má sọ nọ́ńbà àṣírí mi fún ẹnikẹ́ni, títí kan àwọn fúnra wọn. Ẹni tó bá ní kí n má fọkàn tán òun, ọkàn mi máa ń balẹ̀ sí irú wọn.

Ọlọ́run á tọ́jú ojú rẹ àti orúkọ rẹ. Ohun tí o bá gbé fún ènìyàn gùn kò ní ṣẹ́ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀.

Èmi ni, ìyá àgbà rẹ, tó ti ń kọ lẹ́tà láìsí olùrànlọ́wọ́.

Mo gbàgbé: ẹni mẹ́ta ló ti kọ̀wé síbẹ̀ báyìí pé àwọn náà ń wá Máwòmí. Bá mi sọ fún wọn pé ẹ̀yìn ilé ni mo so ó mọ́, àti pé ti lófẹ̀ẹ́ yẹn kò kàn án o.