Ọkàn Mi Balẹ̀

Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá, 2025
Ìwádìí bẹ̀rẹ̀ lónìí. Àìsàn ọkàn ni à ń wá kiri Ìsàlẹ̀ Gángan, ojúlé dé ojúlé. Èmi ni mò ń bèèrè, èmi náà ni mò ń kọ ìdáhùn sí fọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ni sí ìbéèrè àkọ́kọ́, dókítà á rí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ní rárá, ó parí nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ Màmá Òkè ni mo ti bẹ̀rẹ̀ — Alhaja Morufat, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó tọ́ mi dàgbà. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń gbé. "Ṣé ọkàn yín ń yọ yín lẹ́nu?" Wọ́n ní ọkàn àwọn balẹ̀, alhamdulillah. Mo kọ rárá. Atẹ́gùn ọ̀sà ń gbé kọ́tìnì sókè, ó ń sọ ọ́ sílẹ̀, bíi pé ilé náà ń mí. Ó wù mí kí n sùn síbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6
Èèyàn mọ́kànlélógójì. Gbogbo wọn ló ní ọkàn àwọn balẹ̀. Gángan yìí kan náà, tí wọ́n ti ń jà nítorí bọ́kẹ́ẹ̀tì omi.

Jímọ̀, 7
Memunat aránṣọ ìsàlẹ̀ ilé wa fi mí ṣẹ̀sín. Ó ní, "Tó o bá bi mí nípa ọkàn mi, kí ni kí n sọ? Ṣé kí n ní mò ń ṣe ìlara ni?"
Yéè. Àwa ń bèèrè ẹran tó ń lù láyà, inú àti ìwà ni wọ́n ń dáhùn.

Ajé, 10
Mo lọ sí Ìkòyí, lọ́dọ̀ ọ̀gá wa, Dókítà Abíọ́lá, mo ní ká yí ìbéèrè àkọ́kọ́ padà. Ó ní wọ́n ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, kò ṣeé yí padà. Ó ní òun á rò ó.
Mo sùn lọ́sàn-án. Mo lá àlá pé gbogbo ará Gángan sá ọkàn wọn sóòrùn bí aṣọ, mi ò sì mọ èwo ni ti ta.

Ọjọ́rú, 12
Mo gbé fọ́ọ̀mù tì. Mo ní, Màmá, báwo lẹ ṣe ń sùn? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti ń sùn lórí àga, ní ìjókòó, torí tí wọ́n bá dùbúlẹ̀, èémí kì í délẹ̀. Mo fìka tẹ ẹsẹ̀ wọn. Ó jìn wọnú, kò tètè padà.

Mo ní kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ.
"O ò bi mí. Ọkàn mi lo bèèrè, mi ò sì parọ́."
Mo wọ balùwẹ̀ lọ sunkún. Ọwọ́ mi yìí ló kọ rárá.

Jímọ̀, 14
Dókítà Abíọ́lá yẹ Màmá wò fúnra rẹ̀. Ọkàn wọn ti rẹ̀, kò lè fa ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́, omi ti ń gbára jọ. Ó ní ká ní a pẹ́ sí i ni, ó lè bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ó fún wọn lóògùn tó ń fa omi náà jáde. Lẹ́yìn náà ló mú báírò pupa, ó fa ìlà gba orí ìbéèrè àkọ́kọ́. Ó ní kí n padà lọ bá ogójì tó kù, kí n bèèrè bí wọ́n ṣe ń sùn.

Ajé, 17
Oògùn ò jẹ́ kí Màmá kúrò nílé ìtọ̀. Wọ́n ní èmi ni mo kó bá àwọn.

Àbámẹ́ta, 22
Lẹ́yìn ìrun Àílà, mo gun òkè lọ. Àga ṣófo. Màmá nà gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú wọn dé. Mo pè wọ́n, wọn ò dáhùn. Mo gbé ọwọ́ lé wọn láyà — ó ń lù, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́.
"Qaanitah, gbé ọwọ́ ẹ kúrò. Oorun ni mò ń sùn."
Mi ò tíì gbé e. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ èyí.