Nítorí Ọkùnrin Oníyanrìn Tí O Ní Kí N Rán

Ọmọ mi, olùkọ́ àwọn tó ń gun òpó iná,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé àwọn àgbà ọkùnrin tí ò ń kọ́ níṣẹ́ ń gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu? Kí Ọlọ́run tó dá ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ máa dì ọ́ mú lókè, kó sì máa gbà ọ́ nílẹ̀ nígbà tí o bá ń sọ̀ kalẹ̀. Òpó tí o bá gùn kò ní mì, okùn tí o bá dìmú kò ní já, ẹnu tí o fi ń kọ́ni kò ní gbẹ. Àmín. Èmi náà wà dáadáa, àfi orúnkún òsì tó ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún ni mo fi ń tẹ máṣíìnì, nítorí náà kò dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Bébà tí mo ń fi gé àwòṣe aṣọ ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Bí o bá kan ibi tí mo fa ìlà ìbàdí ẹnìkan sí, fò ó, kì í ṣe ara ọ̀rọ̀.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé dípò kí n pè ọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà kan bàbá rẹ. O mọ̀ pé láti ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ní bí o bá gba iṣẹ́ òpó iná kí o má pe àwọn ní bàbá mọ́, bí fóònù bá ti dún nílé yìí, ṣe ni wọ́n máa ń dìde, wọ́n á ní àwọn fẹ́ lọ wo ọgbà. Ọmọ mi, ewé kan kò sí nínú ọgbà yẹn. Abẹ́ fèrèsé ni wọ́n ń lọ dúró sí láti gbọ́ ohun tí ò ń sọ. Nítorí náà mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù.

Fóònù náà sì ní tiẹ̀. Mo rí fídíò tí o fi ránṣẹ́, níbi tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ ti wà lórí òpó nínú pápá, tí wáyà yín wá láti ibi tí kò sí, tó ń lọ sí ibi tí kò sí. Mo ti ṣàlàyé fún àwọn ènìyàn pé iná náà ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n o ní wáyà mẹ́ta ni, mẹ́rin ni mo kà. Mo fi han ìyá alágbàfọ̀ tó wà lójúkojú wa, èyí tí gbogbo títì ń pè ní Rédíò nítorí ẹnu rẹ̀, òun náà ka mẹ́rin. Fídíò tán, wáyà kẹrin ṣì wà níbẹ̀, ó gba ojú àwòrán rẹ kọjá, ó gba orí gbogbo nọ́ńbà kọjá. Láti ọjọ́ tí fóònù ti bọ́ sórí sìmẹ́ńtì ló ti wà níbẹ̀. Mi ò fọwọ́ kan ibẹ̀ mọ́. Ìwọ lo sọ fún mi pé wáyà kan kò tíì kú títí a ó fi dán an wò, èmi ò sì ní irinṣẹ́ ìdánwò.

Owó òwú tí o fi ránṣẹ́ dé. Báǹkì fúnra wọn ló kọ̀wé sí mi, wọ́n pè mí ní oníbàárà wọn ọ̀wọ́n. Láti ìgbà tí mo ti ń ránṣọ, èmi ni mo ń pe ènìyàn ní oníbàárà, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo fèsì pé ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́, bí ẹ bá ní ṣòkòtò tó fẹ́ ká létí, ẹ gbé e wá. Wọn ò tíì fèsì. Bóyá aṣọ wọn ṣì dára.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí o gbé fún mi. Mo mọ̀ pé o ti ń retí rẹ̀, kí o tó bínú, jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ní ọjọ́ tí o pè, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já bí òwú tó ti pẹ́ nínú oòrùn. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ò ń fi ọkùnrin kan ránṣẹ́ sí mi, pé ó wúwo, pé ó ti wà lọ́dọ̀ rẹ fún ọdún méjì, pé kí n má wo ti ojú rẹ̀, abẹ́ apá rẹ̀ ni kí n yẹ̀ wò. Kí ni ìyá yóò rò? Mo ní Ọlọ́run ṣeun, ọkọ ọmọ mi dé! Mo gbálẹ̀, mo fi aṣọ tuntun bo àga, mo kó gbogbo àjákù aṣọ sábẹ́ ibùsùn, mo sì ń fi ara mi lọ́kàn balẹ̀ nípa abẹ́ apá yẹn, mo ní bóyá ó kàn ń làágùn ni, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Bí ọkọ̀ iléeṣẹ́ yín ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà ní ọjọ́ Ajé yẹn, mo ti wà níta tẹ̀rín tẹ̀rín. Dírẹ́bà sọ̀ kalẹ̀, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo ń wo ilẹ̀kùn kejì, ẹnikẹ́ni kò jáde. Ló bá lọ ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ké sí wẹ́dà tó ń jó irin ládùúgbò wa kó wá bá òun gbé e. Wọ́n gbé ènìyàn kan jáde lórí pákó, wọ́n ti fi aṣọ funfun bò ó látorí dé orúnkún nítorí eruku, bàtà ńláńlá méjì yọ síta. Mo ní yéè, àna mi! Ẹni tí mi ò tíì fojú rí!

Rédíò ń sá aṣọ sórí okùn. Ó rí bàtà, ó rí aṣọ funfun, ó ju ṣẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ó figbe ta. Kí dírẹ́bà tó lè ní Màmá, ẹ má sunkún, iyanrìn ni, Rédíò ti yí igun títì. Dírẹ́bà wá ṣàlàyé fún mi pé aṣọ ni wọ́n rán bí ènìyàn tí wọ́n ki iyanrìn sí nínú, pé òun ni ò ń fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹni tí iná bá mú sọ̀ kalẹ̀ láti orí òpó, pé abẹ́ apá rẹ̀ ló ya. Mo rántí òfin rẹ. Mo yọ abẹ́rẹ́ láti àyà aṣọ mi, mo gún un níka. Kò mira. Ọkàn mi balẹ̀, ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́, ó dùn mí díẹ̀, nítorí mo ti ń ro orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó bá ti kúrò lẹ́nu Rédíò kì í dúró gba àtúnṣe. Nígbà tó kọjá ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì, òkú òṣìṣẹ́ iná kan ni. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀, ó ti di òkú ọmọ aránṣọ, èyí tó ń gun òpó. Bàbá rẹ ló sì wà lórí àga onígbàjámọ̀. Onígbàjámọ̀ ti fá apá ọ̀tún orí wọn tán, apá òsì ṣì kù.

Ọmọ mi, bàbá rẹ tí wọ́n máa ń sọ pé ìbàdí kì í jẹ́ kí àwọn rìn dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sáré. Mo ń gbọ́ ohùn wọn láti òpin títì, orúkọ tí wọ́n ń pè ọ́ nígbà tí o wà ní kékeré tí ò ń gun kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń ké, Ẹsẹ̀kògbélẹ̀, Ẹsẹ̀kògbélẹ̀ mi o! Bàtà kan ti bọ́ sọ́nà, aṣọ onígbàjámọ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lọ́rùn wọn, onígbàjámọ̀ fúnra rẹ̀ ń sáré bọ̀ lẹ́yìn tòun ti abẹ. Mo ní ẹ dúró, ẹ gbọ́ mi, wọn ò rí mi. Wọ́n wólẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, wọ́n di bàtà yẹn mú, wọ́n ní dìde, dìde, jọ̀ọ́, inú ò bí mi mọ́.

Mo fa aṣọ náà kúrò. Ojú tí kò ní ojú, tí kò ní imú, ìlà òwú nìkan láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Bàbá rẹ wò ó títí. Wọ́n ní kì í ṣe òun. Mo ní kì í ṣe òun. Wọ́n bá jókòó sílẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rín ín títí ẹ̀rín náà fi di nǹkan mìíràn. Wọ́n ní irun orí àwọn ló kó sí àwọn lójú. Kò sẹ́ni tó bá wọn jiyàn, onígbàjámọ̀ pàápàá ní bẹ́ẹ̀ ni, irun ọjọ́ náà le.

Nígbà tí ara wọn wálẹ̀, wọ́n bi dírẹ́bà pé kí ni wọ́n ń fi iyanrìn yìí ṣe gan-an. Dírẹ́bà ní gbogbo òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ kọ́ ọ, òun náà ti jókòó ní kíláàsì rẹ. Ó ní o máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ rí i pé iná ti kú, kí wọ́n so wáyà mọ́lẹ̀, èyí tó yé mi nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń so ewúrẹ́ tó máa ń kàn. Ó ní lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú mẹ́rin ni wọ́n ní láti gbé ẹni tí èémí rẹ̀ dákẹ́ lókè dé ilẹ̀, nílẹ̀ ni wọ́n á ti lè tẹ àyà rẹ̀ kó padà máa mí. Bàbá rẹ ní ta ló ń kọ́ yín ní gbogbo èyí? Ó ní ọmọ yín ni, sà.

Bàbá rẹ wá ní nígbà tí àwọn ṣì ń kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà, iná mú ọkùnrin kan lórí òpó níwájú ilé tí àwọn ń mọ. Gbogbo ènìyàn dúró nísàlẹ̀, wọ́n ń wòkè, wọ́n ń pariwo, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe títí ọkùnrin náà fi kú sókè. Wọ́n ní àwọn náà wà nísàlẹ̀. Wọ́n ní okùn wà lọ́wọ́ àwọn, okùn tí àwọn fi ń fa sìmẹ́ńtì sókè. Ogójì ọdún ni mo ti ń bá ọkùnrin yìí gbé nínú yàrá kan, mi ò gbọ́ ọ rí. Àṣé ohun tó ń bá wọn jà nìyẹn, tí a rò pé agídí ni.

Ibí yìí ni iṣẹ́ rẹ ti pẹ́. Bàbá rẹ ní kí dírẹ́bà fi han àwọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n fa ọkùnrin oníyanrìn sókè igi ẹ̀yìnkùlé, dírẹ́bà sì gbé e sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin. Ó fi okùn sílẹ̀ fún wọn, ó ní òun á padà ní Ọjọ́bọ̀. Láti ọjọ́ kejì ni bàbá rẹ àti wẹ́dà àti onígbàjámọ̀ ti sọ ẹ̀yìnkùlé mi di iléèwé. Aago ara ògiri mi ni wọ́n yọ, wọ́n gbé e fún Rédíò kó máa ka ìṣẹ́jú, ó sì ń kà á sókè tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́. Àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, okùn yí, ọkùnrin náà sì já sínú ọpọ́n ọṣẹ tí Rédíò gbé wá fọṣọ níbẹ̀, lórí ṣẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá. Rédíò ní ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyí tí ẹni yìí máa fẹ́ pa òun. Ọjọ́ kejì, mẹ́fà. Mo rán abẹ́ apá, wọ́n ya ìdí. Mo rán ìdí, wọ́n ya ọrùn. Nígbà tí dírẹ́bà dé ní Ọjọ́bọ̀, mo ti rán an tán pátápátá, bàbá rẹ wo ojú rẹ̀, wọ́n ní kò tíì ṣe tán, kó padà wá ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ààbọ̀. Bàbá rẹ mú aago lọ́wọ́ Rédíò, wọ́n wò ó fúnra wọn. Wọ́n wọlé, wọ́n sùn tọ̀sán tọ̀sán.

Mo ti kọ fọ́ọ̀mù tí o fi sí àpò rẹ̀. Níbi orúkọ, mo kọ Àlejò, nítorí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pè é. Níbi ìwọ̀n, mo kọ ọgọ́rin kílò àti díẹ̀, nítorí iyanrìn ẹ̀yìnkùlé wa ni mo fi dí èyí tó dà nù, mo sẹ́ ẹ kó kúnná. Níbi àbùkù, mo kọ pé kò ní ojú, kò sì ní ẹnu, ṣùgbọ́n bó ṣe dé nìyẹn. Wọ́n bèèrè pé ṣé ó yẹ kó padà sẹ́nu iṣẹ́, mo ní ó yẹ, àmọ́ kó máa sinmi lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ní ìgbà wo ni àyẹ̀wò tó kàn, mo ní bí Ọlọ́run bá fẹ́.

Ohun tí mo ń sọ bọ̀ nìyí, òun ló jẹ́ kí n tètè fi lẹ́tà yìí rán wẹ́dà tó ń bọ̀ ní ìlú yín lọ́la láti ra irin. Bàbá rẹ ní àwọn á bá Àlejò wá ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ jókòó sẹ́yìn kíláàsì rẹ, pé àwọn ò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n fi kánfáàsì tó ṣẹ́kù lára iṣẹ́ Àlejò rán aṣọ iṣẹ́ fún àwọn, mo sì ti rán an, ó fẹ̀ díẹ̀ níkùn. Ọmọ mi, mo mọ ọkùnrin yẹn. Bí wọ́n bá dé iwájú rẹ, wọn ò ní mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Òpó ni wọ́n máa wò, wọ́n á bi ọ́ pé igi wo ni, wọ́n á ní iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ìdí rẹ̀ kò dára. Ẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Má dúró dè wọ́n. Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ kí wọn, kí o sì pè wọ́n ní bàbá, sókè, níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ.

Bí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún mi. Àlejò ti ṣẹ́ abẹ́rẹ́ nínípọn mẹ́fà mọ́ mi lọ́wọ́, a sì jẹ Rédíò ní ọṣẹ. Gba ọ̀dọ̀ báǹkì, kí o bá mi kí wọn.

Ọlọ́run á jẹ́ kí àwọn tí o kọ́ máa padà sílé sọ́dọ̀ ìyàwó àti ọmọ wọn. Ìwọ náà á máa jáde re, á máa wọlé re. Ẹni tí yóò fẹ́ ọ, tí yóò ní ojú, tí yóò ní ẹnu, Ọlọ́run á fi hàn ọ́. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, aránṣọ.

Mo gbàgbé láti sọ. Bàbá rẹ ti di ẹrù, wọ́n ti jókòó tì í lẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀. Mo ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la wà. Wọ́n ní àwọn mọ̀.